Abọ́ Tí Kì Í Padà Lófìfo

Bantè, ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní, 2025

Roukayath, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Salamatou oníṣòwò sọ fún mi pé òjò ni ẹ fi ń ṣe ohun gbogbo ní Libreville. Tiwa ni ọyẹ́. Ètè mi ti là, ẹsẹ̀ mi sì ti funfun bí ẹni tó tẹ ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀. Àlàáfíà ni mo wà, àfi etí tí o mọ̀.

Etí yìí ló sọ mí di akọ̀wé. O ní kí n máa gbé fóònù. Bí mo bá gbé e, mo ní láti pariwo kí n tó gbọ́ ara mi, ohun tó sì wà láàárín èmi àti Gédéon ará ilé kejì kò ju búlọ́ọ̀kù kan lọ. Ohun tí mo sọ fún ọ ní ọjọ́ Ẹtì, Gédéon ti sọ ọ́ fún mi padà ní Sátidé, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nítorí náà, ìwé ni a óò máa kọ, Salamatou yóò sì máa fi sínú ẹrù rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, ẹ rí i pé ó wúlò fún mi báyìí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa ni mo fẹ́ sọ. Adájọ́ Savalou ti sọ̀rọ̀, ìwọ náà wà níbẹ̀: kí Gédéon wó ògiri tó mọ, kí ó kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀, kí ó sì fi ilẹ̀ tóóró tó lọ láti iwájú ilé wa dé títì sílẹ̀ fún wa, kí ọdún tó parí. Ọdún ti parí. Ògiri dúró. Mo lọ bá a ní pẹ̀lẹ́tù, mo ní, “Gédéon, ṣé o rántí ohun tí adájọ́ wí?” Ó fà mí ní àga. Ó ní, “Màmá, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti jẹun? Ìwé tí wọ́n kọ ní Savalou, ẹ jẹ́ kó wà ní Savalou. Papíyé, bébà lásán, kì í wó ògiri.” Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti dúpẹ́ kí n tó mọ ohun tó wí.

Fi jígí ojú ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó wà lójú mi, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró.

O máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo jẹun, mo yó.

Èmi ni ìyá rẹ, Adjara.


Libreville, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, 2025

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ara wa le. Jígí ojú wà lọ́wọ́ Salamatou, ẹ má fi sábẹ́ ìrọ̀rí bíi ti àtijọ́.

Mo ka ìwé yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ sì dúró lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gba ilẹ̀ yín. Ìyá mi, nígbà tí bàbá yá a ní ilẹ̀ yẹn kí ó kó búlọ́ọ̀kù sí fún ìgbà tó ń kọ́lé, báyìí náà ló ṣe fà á ní àga. Bàbá kú, búlọ́ọ̀kù dìde, ó di ògiri. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ilé Affissou, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀, ni ìyá mi ń gbà jáde sí títì. Inú mi kò dùn sí i, kò sì ní í dùn sí i láé.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ilé-ẹjọ́ ti ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kì í gbé ẹsẹ̀ wá sí Bantè. Ẹni tí ń mú àṣẹ rẹ̀ ṣẹ ni wísíè. Ẹ gbé ìwé ìdájọ́ tó wà nínú àpótí bàbá, èyí tó ní èdìdì, kí ẹ wọ mọ́tò lọ bá wísíè wa, Mẹ́tì Hamidou, ní Savalou. Yóò wá fi ìwé lé Gédéon lọ́wọ́, yóò dá ọjọ́ fún un. Bí ọjọ́ bá pé tí kò wó o, yóò kó ọlọ́pàá wá, wọn yóò wó o lójú rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ẹ má jẹ́ kí ìyá Gédéon máa wá bá yín jẹun mọ́. Mo mọ̀ pé arúgbó ni, mo sì mọ̀ pé kò ṣe mí ní ibi rí. Ṣùgbọ́n ilé Gédéon ló ń padà sí.

Ẹ lọ sí Savalou ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé yìí bá dé.

Ọmọ yín, Roukayath.


Bantè, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, 2025

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí gbogbo yín. Ààwẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn, kí Ọlọ́run jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí a parí rẹ̀. Jígí ojú dé láìfọ́. Ó mọ́lẹ̀ jù. Mo ti ń rí ohun tí n kò bẹ̀ pé kí n rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ sí Savalou, mo wọ bàtà, mo ká ìwé ìdájọ́ sínú ìró, mo sì gba ẹ̀yìn ilé Affissou. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ògiri Gédéon kò ga. Mo rí lébìrà méjì tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi wa, níbi tí bàbá rẹ máa ń tẹ́ ẹní ìrun sí. Mo bi Gédéon pé kí ni wọ́n ń gbẹ́. Ó ní, “Ṣáláńgá ni, Màmá.” Mo dé ibùdókọ̀, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọ̀rọ̀ ṣáláńgá náà kò wọ̀ mí létí. Mo ti rí ṣáláńgá. Kì í gùn báyẹn, kì í tóóró báyẹn, wọn kì í sì í fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó dán bí inú yàrá. Mo dìde, mo padà sílé.

Ìyá rẹ̀ ló là mí lóye. Ó wá ní ìrọ̀lẹ́ bó ṣe ń wá, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó ní, “Adjara, ṣé o rí ilé mi tuntun?” Mo ní ilé wo. Ó ní Gédéon ti fi igi wọn ẹní tí òun ń sùn lé, ó gbé igi náà fún àwọn lébìrà. Ó ti rán aṣọ funfun sílẹ̀, ó ti ra símẹ́ǹtì tí wọn yóò fi bò ó. Ó ní kí òun má bínú, ọmọ tó bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀ a máa múra sílẹ̀. Mo bi í pé, “Ìgbà wo wá ni, Ìyá?” Ó ní òun náà bi í. Ó ní ó kù sí ọwọ́ àwọn ará Savalou.

Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín.

Àṣàkẹ́, o mọ ilẹ̀ wa. Ibi tí ènìyàn bá sin ìyá rẹ̀ sí, ta ni yóò ní kí ó dìde níbẹ̀? Gédéon mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí wísíè bá dá ọjọ́ fún un, ó ti dá ọjọ́ fún ìyá náà nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi padà. Ẹ̀rù bà mí, ó ṣì ń bà mí.

O ní kí n má jẹ́ kó bá mi jẹun. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú ni mo ti ń bù tirẹ̀ sínú abọ́ tánganran aláwọ̀ ewé yẹn, kò sì dá abọ́ náà padà lófìfo rí. Ó lè jẹ́ ilá mẹ́ta, ó lè jẹ́ ata, ó lè jẹ́ èso kajú tó ṣà lẹ́sẹ̀ ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa níbí. Ìwọ náà, mo ti lé ọ padà lójú ọ̀nà rí pé kí o lọ wá nǹkan sínú abọ́ alábọ́, o sì sunkún. Ní báyìí, ó ní ọ̀dọ̀ mi nìkan ni òun ti ń jẹun. Mo bi í ìdí. Ó ní kókó ilé àwọn, ògì àárọ̀ òun, ti ń korò lẹ́nu òun. Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí ló fà á. N kò mọ̀.

Ṣe sùúrù díẹ̀ fún mi. Mo jẹun, mo yó.

Èmi ni ìyá rẹ, Adjara.


Libreville, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta, 2025

Ìyá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀. Ọlọ́run á gbà á.

N kò fẹ́ bínú sí yín nínú oṣù yìí, ṣùgbọ́n mo ti bínú. Ìyá ta ni yín? Mo gba ọkọ̀ òfuurufú wá sílé lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹjọ́ yẹn. Mo dúró níwájú adájọ́, mo sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há, Gédéon sì jókòó ó ń wo èékánná rẹ̀. A jàre. Ẹ̀yin wá dé ibùdókọ̀, ẹ padà nítorí kòtò.

Ó ń fi ìyá rẹ̀ dẹ́rù bà yín ni. Ó mọ̀ pé ọkàn yín rọ̀, ó mọ̀ pé arúgbó náà yóò wá sọ ọ́ fún yín tó bá ti jókòó ti abọ́. Ta ni yóò gbọ́ pé ọmọ ènìyàn fẹ́ fi ìyá tó bí i gba ilẹ̀? Gédéon lójúkòkòrò, mo gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo Sunday ló ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń gbé àbẹ́là síwájú. Ìyá mi, ẹ máa ń ro nǹkan jù.

Mo ti fóònù Sadikou, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń tún alùpùpù ṣe ní Savalou. Ìwé ìdájọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé tí ẹ fi ní kí n dúró fún yín nínú ẹjọ́ náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ààwẹ̀ bá ti tán, yóò mú wísíè wá. Ẹ kò ní í lọ sí ibì kankan, ẹ kò ní í bá ẹnikẹ́ni jà. Kí ẹ ṣáà jókòó kí ẹ máa wòran.

Bí ẹ bá ń jáde láti iwájú ilé yín bíi gbogbo ènìyàn, ẹ óò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ yín, Roukayath.


Bantè, ogúnjọ́ oṣù kẹta, 2025

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ. N kò tíì rí èsì rẹ, ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kò sì lè dúró dè é. Ka ìwé yìí ní ìwọ nìkan.

A ti rí ọ̀nà. Ìyá Gédéon ní ọmọbìnrin kan ní Akpassi, Tijésùnimí, o mọ̀ ọ́n, òun ló ní àpá ní àgbọ̀n. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ṣa kajú tán lóko ọkọ rẹ̀, a máa wá mú ìyá rẹ̀ lọ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá wá kí kajú tó tán, Gédéon yóò fura. Bó bá wá ní àkókò rẹ̀, Gédéon fúnra rẹ̀ ni yóò wá alùpùpù fún wọn. Mo ti ránṣẹ́ sí i. Òun náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kòtò, ó ní bí ìyá òun bá ti dé Akpassi lọ́tẹ̀ yìí, kò padà mọ́. Òpin oṣù kẹrin ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ kò ju èyí lọ: jẹ́ kí kajú tán. Bí arúgbó náà bá ti kúrò lábẹ́ òrùlé yẹn, rán wísíè, rán ọlọ́pàá, rán sójà bó bá wù ọ́. Èmi fúnra mi ni n óò gbé omi fún wọn mu. Ilẹ̀ kò ní í sá.

Má fi fóònù sọ ọ́. Má sọ fún Sadikou pàápàá, ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn.

Ìyá Gédéon ń bá mi ṣínu lójoojúmọ́, ẹni tí kò gbààwẹ̀. Ó máa ń bu àkàrà ṣáájú mi, a sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Lánàá ó dá abọ́ mi padà pẹ̀lú ẹyin adìyẹ kan ṣoṣo, ó ní òun ṣọ́ adìyẹ náà ní gbogbo òwúrọ̀ kí ìyàwó Gédéon tó dé ibẹ̀.

Mo jẹun, mo yó.

Èmi ni ìyá rẹ, Adjara.


Bantè, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, 2025

Àṣàkẹ́,

Ṣé ìwé mi dé ọwọ́ rẹ? Èyí tí mo kọ nínú ààwẹ̀, èyí tí mo sọ̀rọ̀ kajú nínú rẹ̀. Wọ́n ní Salamatou ṣì wà ní Cotonou, ẹrù rẹ̀ kò tíì kúrò ní èbúté. Èyí tí o fi bínú sí mi ti dé. Mo kà á, mo ká a. A óò jà á nígbà mìíràn.

Wísíè wá lónìí. Sadikou ló gbé e sẹ́yìn alùpùpù. Mo wà nídìí iṣu tí mo ń bó, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré jáde, mo ní, “Sadikou, ta ló rán ọ?” Ó ní, “Roukayath ni, Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀,” inú rẹ̀ sì ń dùn.

Wísíè ka ìwé náà sókè ní Faransé, ó sì ní kí Sadikou túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n fún Gédéon ní ọjọ́ mẹ́jọ. Wẹ́sídeè tó ń bọ̀ ni ọlọ́pàá yóò dé. Mo rò pé Gédéon yóò bú wa. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé, ó bu omi fún wísíè, ó ní kí wọ́n jókòó kí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí Sadikou sọ ọjọ́ mẹ́jọ, Gédéon kò wo ìwé náà. Ìyá rẹ̀ ló wò.

Ilẹ̀ ti ṣú báyìí. Ìyá náà kò wá jẹun. Mo bu tirẹ̀ sílẹ̀, mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Ìyàwó Gédéon gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó ní ó ti sùn.

Mo jẹun díẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, Adjara.


Libreville, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin, 2025

Ìyá mi, ẹ dárí jì mí,

Òní ni Salamatou dé. Òní ni mo ka ìwé tí ẹ kọ ní oṣù tó kọjá. Mo kà á ní ìdúró, mo tún un kà, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín aṣọ àwọn oníbàárà.

Mo ti fóònù yín títí, ó ń dún, ẹ kò gbé e. Mo mọ̀ pé èmi àti ẹ̀yin la jọ fi fóònù sílẹ̀. Ẹ gbé e lónìí nìkan. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà gbé e kí n mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.

Mo ti bá Sadikou sọ̀rọ̀. Dídá wísíè dúró kò wúlò mọ́, Gédéon ti mọ ọjọ́. Mo ní kí Sadikou gbéra ní àárọ̀ ọ̀la, kí ó lọ gbé ìyá àgbà sẹ́yìn alùpùpù lọ sí Akpassi, kí ó purọ́ tó bá wù ú fún Gédéon. Ẹ ràn án lọ́wọ́. Ẹ ní Tijésùnimí ń ṣàìsàn, ẹ ní ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí Gédéon mú ilẹ̀ náà. N kò fẹ́ ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ni mo pè ní ẹni tó ń ro nǹkan jù. Ojú ń tì mí.

Mo mọ̀ pé ìwé yìí kò ní í tètè dé. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé n kò mọ ohun tí ọwọ́ mi tún lè ṣe.

Ọmọ yín, Roukayath.


Bantè, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin, 2025

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbọ́ bí fóònù ṣe ń dún. Gédéon wà nínú yàrá mi nígbà náà, ó ń gba ìkíni ọ̀fọ̀. Mo jẹ́ kó dún.

Ìyá náà kú ní àfẹ̀mọ́júmọ́ Sátidé. Wọ́n sin ín sínú kòtò abẹ́ igi wa ní ọjọ́ náà gan-an, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn a máa gbé òkú àgbà sílẹ̀ títí ará Pira àti ará Gouka yóò fi dé. Mo lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ojú rẹ̀. Ìyàwó Gédéon ní wọ́n ti dì í tán. Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú, Àṣàkẹ́, obìnrin yẹn jẹ iṣu lọ́dọ̀ mi, ó tún ní kí n bù sí i.

Sadikou dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú irọ́ tí ẹ jọ dì. Ó bá símẹ́ǹtì tútù. Ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó sunkún bí ọmọdé. Má bínú sí i, kò mọ ohun tí ó gbé wá. Tijésùnimí dé láti Akpassi ní ọ̀sán. Ó wo Gédéon ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, ó sì padà.

Wísíè dé lánàá pẹ̀lú ọlọ́pàá, bó ṣe wí. Ó yọ fìlà. Ó ní òun lè wó ògiri, ṣùgbọ́n òun kò lè tẹ ibojì mọ́lẹ̀, ìdájọ́ kò dárúkọ ibojì. Ó ní a lè padà sọ́dọ̀ adájọ́, kí adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n hú òkú náà, kí dókítà sì wò ó kí wọ́n tó gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Ó ní ìwé tí o fi ń dúró fún mi kò tó fún irú èyí, ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Gédéon wà níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ dókítà, ó sún mọ́ wa. Ó fi ọ̀wọ̀ bi wísíè pé, “Ọ̀gá, ta wá ni ẹni náà?” Wísíè fi ìka tọ́ka sí mi.

Ìwé tí wísíè ní kí n fọwọ́ sí wà lórí tábìlì mi. Mo fẹ́ fọwọ́ sí i. Mo rò ó lóru, mo rò ó lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Kì í ṣe nítorí ilẹ̀. Ìyá náà ní kókó ilé àwọn ń korò, mo sì ní ọjọ́ orí ni. Wísíè yóò padà wá gbà á ní ọ̀la.

Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, Gédéon wọlé. Ó gbé abọ́ tánganran mi aláwọ̀ ewé dání, ó fi àwo bò ó. Ó kúnlẹ̀, ẹni tó jẹ́ àgbàlagbà. Ó ní, “Màmá, ẹ ṣé. Ẹ bọ́ ìyá mi títí dé òpin. Ní báyìí tí kò sí mọ́, ó kàn mí kí n máa bọ́ yín. Ìyàwó mi ló sè é. Ẹ mọ̀ pé a kì í dá abọ́ padà lófìfo.” Mo ti dúpẹ́ kí n tó mọ̀.

Kò tíì lọ jìnnà. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà mi lórí àpótí ìyá rẹ̀, ó ní òun yóò gba àwo òun bí mo bá jẹun tán. Mo fi ẹ̀yìn sí i, mo ń kọ èyí, ó rò pé ìwé wísíè ni mò ń kà. Ọmọ Affissou yóò gba ojú fèrèsé mú un lọ sílé Salamatou. Kókó ni, ó gbóná, òórùn rẹ̀ sì dára.

Má fi fóònù pè mí nítorí rẹ̀, yóò gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, Adjara. N kò tíì jẹun.